Ọjà Àárọ̀, Àmàlà Alẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè To Ọjọ́ Sátidé Yín ní Àbújá

Àmàlà, ewédú àti ọbẹ̀ ata kì í ṣe oúnjẹ tó le sè. Wàhálà rẹ̀ ní Àbújá máa ń wá látinú ọjọ́ tí ẹ lò kí ẹ tó dé ìdí iná. Gáàsì á tán nígbà tí ẹran ṣì le. Ẹran á ti yí àwọ̀ kí ẹ tó dé Kubwa, nítorí pé òun lẹ kọ́kọ́ rà lọ́jà. Ẹ ó wá ewédú títí, ó sì wà níwájú yín, ayoyo ni ẹni tó ń tà á ń pè é. Bí mo ṣe ń to ọjọ́ Sátidé láti alẹ́ Jímọ̀ títí oúnjẹ fi dórí tábìlì ni mo fẹ́ sọ níbí. Òfin kan ṣoṣo ló gbé e ró: ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí kì í bàjẹ́, kí ẹ ra ohun tó ń bàjẹ́ kẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ òun ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé kaná tí ẹ bá délé.

Oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin ni mo fi ṣe ìṣirò.

Alẹ́ Jímọ̀

Ẹ wo gáàsì kí ẹ tó sùn. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ sára irin tó yí ọrùn sílíńdà ká, T.W. ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n sílíńdà náà nígbà tó ṣófo nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Tí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n nílé láti mọ ohun tó kù, ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí ara sílíńdà láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ kàn án. Ibi tó tutù ni gáàsì dé.

Ẹ wo mítà iná pẹ̀lú. Tókìnì ṣeé rà lórí fóònù, nọ́ńbà 20 náà lẹ ó tẹ̀ sí mítà, kò sí ìdí tó fi yẹ kó gba àsìkò yín ní Sátidé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ irú iná tí àdúgbò yín ń rí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti fò sókè, wákàtí 20 lójúmọ́ sì ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Tí ilé yín kò bá sí lára wọn, ẹ má fọkàn tán bùlẹ́ńdà. Ọjà ni kí ẹ ti lọ ata yín.

Tó bá jẹ́ pé mẹ́ruwà ló ń pọnmi fún yín, bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nyanya, Lugbe àti Kubwa, ẹ bá a sọ ọ́ lálẹ́ kí ó tètè dé. Ewédú nìkan máa gba omi ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí iyanrìn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ má kọ ọ́ bí ó ṣe wá sí yín lọ́kàn, ibi tí ẹ ó ti rà á ni kí ẹ fi tò ó. Èlùbọ́, irú àti epo pupa wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá Yorùbá, kí wọ́n wà lójú kan. Ata, àlùbọ́sà àti tòmátò, ojú kan. Ewédú. Ẹran. Ẹni tó bá kọ ọ́ báyìí kò ní yí ọjà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá owó kéékèèké sápò. Ọ̀pọ̀ aláta á gba owó lórí fóònù, àmọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ ó dúró lórí ìdúró títí álààtì yóò fi wọlé, oòrùn á sì máa mú ewédú àti ẹran.

Gáàsì àkọ́kọ́

Láago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, ilé gáàsì kì í kún. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ gbé sílíńdà padà sílé, kí ẹ tó kọjú sí ọjà. Ẹ ṣọ́ ojú òṣùwọ̀n: òdo ni kí ó wà kí wọ́n tó gbé sílíńdà lé e. Nọ́ńbà tí ẹ kọ lálẹ́ àná ló máa ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé sílíńdà yín wúwo tó kílò 13.2 nígbà tó ṣófo, gáàsì tó kù níbẹ̀ sì jẹ́ kílò 1. Tí wọ́n bá gbé e lé òṣùwọ̀n, 14.2 ló yẹ kí ẹ rí. Tí ẹ bá ra kílò 5, 19.2 ló gbọ́dọ̀ dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ síta kí ẹni tó ń rọ gáàsì gbọ́, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ju ohun tí sílíńdà lè gbà lọ, ẹ sì jẹ́ kó dúró lórí ìdí rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò gbọdọ̀ sùn.

Nílé, tí ẹ bá ti so rọ́bà mọ́ ọn, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, kí ẹ fi kànrìnkàn pa á sí ojú ibi tí wọ́n so pọ̀ àti gbogbo ara rọ́bà náà. Ẹ ṣí gáàsì, ẹ má ṣáná. Tí ọṣẹ bá ń wú, gáàsì ń jò nìyẹn. Ẹ tì í pa, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ mú un le tàbí kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà. Jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí ìkánjú.

Láti ilé dé ọjà

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Èkó dé máa ń wá ọ̀kadà. Láàárín ìlú Àbújá, wọ́n ti fòfin dè é láti ọdún 2006, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù ló ń gbé èèyàn láàárín àdúgbò, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí sí ọ̀nà jíjìn. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ àdáni tó kàn dúró lẹ́bàá títì pé òun ń lọ síbi tí ẹ ń lọ. Wàhálà àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti jà wọ́n lólè, tí à ń pè ní one chance, kò tíì tán nílùú yìí. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣeé ṣí láti inú, ẹ sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé.

Aṣọ télọ̀ tàbí aṣọ tó ń lọ sọ́dọ̀ afọṣọ, nígbà tí ẹ ń lọ ni kí ẹ já a sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹran á ti wà lọ́wọ́ yín, kò yẹ kí ẹ yà síbì kankan mọ́.

Ọjà wo? Èyí tó bá sún mọ́ yín ni. Kò sí ìdí tí ará Kubwa fi ní láti lọ Wuse nítorí ata àti ewédú, Kubwa ní ọjà tirẹ̀, Nyanya náà ní, Utako àti Garki wà fún àwọn tó wà láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ èso rẹpẹtẹ fún àlejò tàbí ayẹyẹ, Zuba tàbí ọjà ọsàn ní Mararaba, tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa, ló yẹ. Tó bá sì di dandan pé ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ó lọ, ẹ tètè lọ. Láti nǹkan bí aago kan títí dé aago méjì ààbọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù á ti lọ kírun.

Nínú ọjà

Gbólóhùn Hausa díẹ̀ máa tún ọjà yín ṣe ju pípariwo lọ. Ẹ kí i ná: "Sannu, Malam." Tí obìnrin bá ni, "Sannu, Hajiya." Ẹ béèrè: "Nawa ne?" Tí owó bá pọ̀ jù: "Don Allah, a rage." Ɗari ni ọgọ́rùn-ún, dubu ni ẹgbẹ̀rún, tó bá wí pé "dubu ɗaya da ɗari biyar", ₦1,500 ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ "àbókí" mọ́ ẹnu, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ fún àgbàlagbà. Màlámù ni ẹ pè é, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ á ṣe yọ́.

Èlùbọ́ lẹ ó kọ́kọ́ rà, nítorí kò sí ohun tí oòrùn lè fi í ṣe. Mudu ni wọ́n fi ń wọn ọjà gbígbẹ níbí, níbi tí àwa ti ń lo kóńgò nílé. Ẹ wo bí ìyá elélùbọ́ ṣe ń wọ̀n ọ́n, bóyá ó kún gegele tàbí ó pẹ́lẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sáàárín ìka, ẹ fi ra: èlùbọ́ dáadáa á kúnná, kò ní ha yín lọ́wọ́. Ẹ tọ́ ọ wò sẹ́nu. Tó bá ń rún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín eyín, iyanrìn ni. Tó bá funfun jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po láfún mọ́ ọn, àmàlà rẹ̀ kò ní dúdú, á sì máa lẹ̀. Tó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, ẹ má nájà rẹ̀ rárá, ẹ kọjá. Ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tí ẹ mọ̀ ló dára jù láti máa ra èlùbọ́, kódà tí tirẹ̀ bá fi owó díẹ̀ wọ́n ju ti ẹlòmíì lọ.

Irú wá ńkọ́? Tí ẹ bá rí irú pẹ̀tẹ̀ tàbí irú wooro lọ́dọ̀ àwọn ìyá náà, ẹ rà á. Tí kò bá sí, daddawa wà káàkiri, ó sì dùn. Gbígbẹ ni, wọ́n á ti gún un, wọ́n á sì ti ro ó rìbìtì-rìbìtì tàbí pẹlẹbẹ. Ẹ béèrè bóyá ti kalwa ni, ìyẹn irú tí àwa mọ̀, tàbí ti waken suya, ìyẹn ẹ̀wà sóyà. Méjèèjì ló ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n fún ewédú, ti kalwa ni kí ẹ mú. Ẹ fọ́ ọ díẹ̀, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Òórùn irú máa ń le, ìyẹn kò burú. Òórùn èbu ni kí ẹ sá fún. Ẹ ra epo pupa, manja, àti kàún bíńtín, tí wọ́n ń pè ní kanwa, kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Ó kan ata. Tàtàṣé ni tattasai, ata rodo ni attarugu, tòmátò ni tumatir, àlùbọ́sà kò yí padà púpọ̀, albasa ni. Tàtàṣé ńlá mẹ́fà, tòmátò mẹ́rin, àlùbọ́sà mẹ́ta, ata rodo mẹ́rin tàbí iye tí ẹnu yín gbà. Fún ọbẹ̀ tí a fẹ́ fi jẹ àmàlà, mo fẹ́ràn kí tàtàṣé ju tòmátò lọ, kí ó má baà kan. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ti dì sínú rọ́bà pẹ́ńtì láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní kó dà á jáde, kí ẹ ṣa tiyín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, tòmátò máa ń pọ̀ yanturu, nítorí pé àwọn oko tí wọ́n ń bomi rin ní Kánò, bíi ti Kadawa, àti ní Kàdúná ló ń so. Tí òjò bá ti dé, owó rẹ̀ á gbẹ́nu sókè. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta run oko tòmátò débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀. Nígbà tó bá wọ́n báyìí, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi tàtàṣé kún tàtàṣé, tàbí kí ẹ ra tòmátò gbígbẹ tí wọ́n sá sóòrùn, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń sá púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, kí ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí tí á fi rọ̀.

Tí ẹ bá ń lọ ata lọ́jà, ẹ ṣàn án kí ẹ tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n lọ̀ ṣáájú tiyín. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà, ẹ ní kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ju àlùbọ́sà yín sí i.

Ewédú ló tẹ̀ lé e. Ayoyo ni kí ẹ béèrè. Ìdì mẹ́ta tó ní ewé dáadáa á tó. Ẹ ṣẹ́ igi ọ̀kan wò: tó bá dá "pọ́", ó ṣì tútù, tó bá kàn ń tẹ̀, ó ti pẹ́. Ewé tó ní ihò kéékèèké kò bà mí nínú jẹ́, èyí tó ti pọ́n ni mi ò ní gbà. Ẹ má tì í mọ́ inú ọ̀rá tó ti pa, á gbóná, á sì dúdú.

Ẹran ni ìkẹyìn. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti ń pa màlúù, nítorí náà kí aago mẹ́wàá tó kọjá ló yẹ kí ẹ wà níwájú ẹlẹ́ran. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: ẹran tuntun á padà sí ipò rẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Kílò kan tó, kí ẹ jẹ́ kó ní ọ̀rá díẹ̀ àti egungun kan. Tí ẹ bá fẹ́ pọ̀nmọ́, ganda ni wọ́n ń pè é. Kò yẹ kí ẹran tútù ju wákàtí 2 lọ lójú afẹ́fẹ́. Tí ooru bá ti kọjá 32°C, tí ooru Àbújá sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin, wákàtí 1 péré ni, nítorí àárín ìgbà yẹn ni kòkòrò àìfojúrí ń bí sí i wìtìwìtì. Ẹ sanwó, ẹ jáde, ilé yá.

Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná, kí ẹ tó bọ́ bàtà pàápàá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé àlùbọ́sà ìdajì sí i, iyọ̀, ata rodo kan, ìwọ̀nba omi tí kò bò ó. Ẹ dé e, kí iná má pọ̀. Jẹ́ kí ó fi omi ara rẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fi omi kún un. Màlúù tí wọ́n ń dà rìn ló pọ̀ níbí, ẹran wọn máa ń yi. Ẹ gbà fún wákàtí kan. Ìkòkò tó ń fi atẹ́gùn se nǹkan á dín in kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Tó bá ti rọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ má da omi rẹ̀ nù.

Ní àkókò kan náà, ẹ gbé ata tí ẹ lọ̀ sínú ìkòkò mìíràn láìfi epo sí i rárá. Omi inú rẹ̀ lẹ fẹ́ lé lọ. Á máa ta sókè, ẹ fi nǹkan bò ó díẹ̀. Ẹ fa ṣíbí kọjá nídìí ìkòkò: tí ata bá sáré padà bo ojú ọ̀nà náà, omi ṣì wà. Tí ọ̀nà náà bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó pa dé, ó ti tó. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ kíkan, òun ni kò sì jẹ́ kí ẹ lo epo jù. Tí ẹran àti ata bá ti dé ibí yìí lọ́sàn-án, ẹ kó wọn sínú fíríìjì, kí ẹ lọ sinmi.

Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ́ epo pupa lórí iná kékeré títí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó rú èéfín. Ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i. Daddawa tí ẹ ti gún, tí ẹ fi omi ṣàn kí iyanrìn lè kúrò, ìdajì rẹ̀ á wọlé báyìí. Tí òórùn rẹ̀ bá ti gba ilé, ẹ da ata sí i, kí ẹ máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú 20. Epo á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó sí etí ìkòkò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da omi ẹran díẹ̀ sí i, kí ẹ kó ẹran wọlé, kí ẹ tọ́ iyọ̀ wò, kí ó tún hó fún ìṣẹ́jú 10.

Ewédú kò fẹ́ kí ẹ sè é kí ó pẹ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́, nítorí náà aago mẹ́fà ààbọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ já ewé rẹ̀ kúrò lára igi, kí igi tó le má bá a lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ kó ewé náà jáde, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ omi nínú asẹ́, iyanrìn tó ti rì á tún padà sí i. Ẹ tún un fọ̀ títí ìdí abọ́ á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi ife méjì hó, kí ẹ ju kàún tí kò ju èékánná ọmọdé lọ sí i. Ẹ da ewé sí i, ẹ má dé e; tí ẹ bá dé e, á hó bo ìdáná, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 7, ẹ ju ìdajì daddawa tó kù sí i, kí ẹ fi ìjábẹ̀ máa já a nínú ìkòkò títí á fi kúnná tí á sì máa fà. Tí kò bá sí ìjábẹ̀, bùlẹ́ńdà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ìgbà díẹ̀ péré. Iyọ̀ díẹ̀, ó tán.

Ẹ sẹ́ èlùbọ́ ife mẹ́rin. Omi tí ẹ ó gbé kaná á jẹ́ bí ife méje, kí ẹ bu ife kan sọ́tọ̀ tó bá ti hó yaya. Ẹ dín iná kù, ẹ da èlùbọ́ sáàárín omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ mú omorogùn kí ẹ ro ó láti etí wá sáàárín láìdúró. Kókó tí ẹ bá rí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kí ó fọ́. Ẹ wọ́n omi tí ẹ bù sọ́tọ̀ sí i lára, ẹ dé e lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú 4 kí ó lè jinná dénú, kí ẹ tún un rò títí á fi máa dán. Abọ́ tàbí kúlà ni kí ẹ bù ú sí, ẹ má di àmàlà gbígbóná sínú ọ̀rá.

Ọbẹ̀ ata tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e kaná kí ó hó dáadáa, kí ẹ bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó lè tètè tutù, kí ó sì wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Tí iná kò bá dára ládùúgbò yín, ẹ tún un gbé kaná kí ẹ tó sùn, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rẹ̀ mọ́ títí di àárọ̀. Ewédú kì í fẹ́ ìgbóná lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, kò sì ní fà mọ́. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lálẹ́ yẹn ni kí ẹ já. Ewé tó kù, ẹ fi bébà gbígbẹ wé e láìfọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún ọ̀la.